Ṣé ká ta báǹkì ìlú wa ni, àbí ká dì í mú? Ìdáhùn fún alága báǹkì kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́

Lẹ́tà kan wọlé láti Ẹ̀pẹ́, lọ́wọ́ bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí:

“Èmi ni alága bọ́ọ̀dù báǹkì kékeré kan níbí. Àwa ọmọ ìlú la dáwó jọ tá a fi dá a sílẹ̀ láyé kọ́múníti báǹkì, títí di òní, àwa la ni ìpín tó pọ̀ jù. Àwọn oníbàárà wa ti ń kó owó wọn lọ sórí fóònù. Àwọn tó yáwó ò san dédé. Àwọn tó wá yẹ ìwé wa wò láti Báǹkì Àpapọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ wa ti jìn. Àwọn ọ̀dọ́ inú bọ́ọ̀dù ní app ló máa gbà wá. Àwọn kan ní ká tà á fún olówó kan tó wá láti Èkó, àwọn kan ní ká sọ ọ́ di ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kí ìjọba lè fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Èwo ni ká ṣe? Mi ò fẹ́ kó kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Bàbá. Ẹ kú àfaradà náà. Mo mọ̀ pé ohun tó ń já yín láyà ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Àwọn ìyá tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo tí wọ́n kó owó wá síbẹ̀ mọ ilé yín, wọ́n mọ àwọn ọmọ yín, ojú yín ni wọ́n sì wò kí wọ́n tó gba ilé náà gbọ́. Bí báǹkì ńlá bá wó, orí rédíò ni ọ̀pọ̀ èèyàn á ti gbọ́ ọ. Ti báǹkì ìlú, ẹnu ọ̀nà alága ni wọ́n máa jí sí. Nítorí náà mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn pa yín lójú rẹ́. Iṣẹ́ báǹkì kékeré ni mo ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo gbowó ojoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà ní Sábó ní Ìkòròdú, mo jókòó sídìí ìwé ẹ̀yáwó, ní báyìí àwọn bọ́ọ̀dù ló ń pè mí pé kí n wá bá àwọn yẹ ìwé wò. Ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni mo máa sọ.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ kà sílẹ̀: app, títà, àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Kò sí èyí tí mo lè yàn fún yín lónìí, ẹ̀yin náà kò sì lè yan ọ̀kan, nítorí ẹ ò tíì mọ iye tí báǹkì yín jẹ́. Ẹ mọ iye tó wà nínú ìwé. Èyí yàtọ̀ sí iye tó wà lọ́wọ́ àwọn tó yáwó tí wọ́n sì máa san án padà. Olówó tó wá láti Èkó yóò ṣírò rẹ̀ kó tó dá yín lóhùn. Báǹkì tó bá fẹ́ bá yín dapọ̀ yóò ṣírò rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀yin onílé ti mọ̀ ọ́n kí àlejò tó débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tá a ti ń bọ̀, torí àwọn ọ̀dọ́ bọ́ọ̀dù yín lè má mọ̀ ọ́n. Oṣù Kejìlá ọdún 1990 ni kọ́múníti báǹkì àkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní Kàdúná, láyé ìjọba Babangida. Owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n bèèrè nígbà náà kò ju 250,000 náírà lọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn olóyè fi lè dá a jọ. Ní oṣù Kejìlá 2005, Báǹkì Àpapọ̀ gbé ìlànà tuntun jáde pé kí gbogbo kọ́múníti báǹkì di báǹkì oníṣòwò kékeré, èyí tí wọ́n ń pè ní microfinance, pẹ̀lú owó ìpìlẹ̀ mílíọ̀nù 20 náírà, kó tó di ìparí ọdún 2007. Ọ̀pọ̀ kò lè dé ibẹ̀. Àwọn mìíràn débẹ̀, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi débẹ̀ mú wọn ṣe fújà. Wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n kun ilé, wọ́n ń yá àwọn ọ̀gá ńláńlá lówó bíi pé báǹkì ńlá ni wọ́n. Ní oṣù Kẹsàn-án 2010, Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ 224 nínú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ó tún gba ti 132. Mi ò ka iye wọ̀nyí láti dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kí ẹ rí i pé Báǹkì Àpapọ̀ kì í kàn halẹ̀, àti pé ẹ ti la ìgbì méjì kọjá tó gbé ọ̀pọ̀ lọ.

Ní báyìí, ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tó yẹ ká tú. Ẹ kọ ọ́ bíi pé owó ìpìlẹ̀ jẹ́ owó kan tí ẹ jẹ ìjọba, tí ẹ bá ti wá a san, ọ̀rọ̀ parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìpìlẹ̀ ni owó ẹ̀yin onípìn-ín fúnra yín, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ gbogbo àdánù kúrò nínú rẹ̀. Ìlànà tó wà nílẹ̀ láti 2019 ní kí báǹkì kékeré tó wà ní ìgbèríko ní mílíọ̀nù 50 náírà, kí ti ìlú ńlá ní mílíọ̀nù 200. Ti àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ jákèjádò ìpínlẹ̀ kan jẹ́ bílíọ̀nù kan, ti gbogbo orílẹ̀-èdè sì jẹ́ bílíọ̀nù márùn-ún. Ìgbà tí àrùn Kòrónà dé ni wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú dé oṣù Kẹrin 2022. Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ti ìgbèríko ni tiyín, mílíọ̀nù 50 yín sì pé. Ẹ yá àwọn èèyàn ní mílíọ̀nù 80, díẹ̀ nínú rẹ̀ láti inú owó yín, ìyókù láti inú owó tí àwọn ọlọ́jà fi pamọ́. Bí mílíọ̀nù 30 nínú rẹ̀ bá kú, owó ọlọ́jà kò gbọdọ̀ dín kọ́bọ̀. Inú tiyín ni yóò ti dín. Mílíọ̀nù 50 ti di 20 nìyẹn. Bí ẹ bá lọ wá mílíọ̀nù 30 mìíràn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú tí ẹ kò sì mọ ohun tó pa ti àkọ́kọ́, ohun náà ṣì wà nílé, yóò pa ti èyí náà.

Kí ló ń pa á? Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ìwé kan hàn yín, irú èyí tí mo ti bá pàdé ní báǹkì tó ju ẹyọ kan lọ. Obìnrin kan yá 200,000 náírà fún oṣù mẹ́fà, èlé rẹ̀ 10,000 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ 260,000. Ó san 43,333 lóṣù kìn-ín-ní, ó san án lóṣù kejì, ó san án lóṣù kẹta. Lẹ́yìn náà, àlàfo. Kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ kankan kọ síbẹ̀, kò sí “mo lọ, mi ò bá a nílé”, kò sí “ó ní ọmọ ṣàìsàn”. Lọ́jọ́ tí oṣù kẹfà pé, ẹnì kan fi bírò kọ ọ́ pé gbèsè ti tán. Ní ìlà tó tẹ̀ lé e gan-an, ọjọ́ kan náà, wọ́n kọ ẹ̀yáwó tuntun fún obìnrin kan náà: 130,000. Owó kankan kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Gbèsè tó kù ni wọ́n sọ lórúkọ tuntun. Nínú ìjábọ̀ tí mánijà gbé síwájú bọ́ọ̀dù lóṣù náà, wọ́n kọ ọ́ pé ẹnì kan san gbèsè rẹ̀ tán, ẹnì kan sì tún yá òmíràn, gbogbo bọ́ọ̀dù sì pàtẹ́wọ́. Bí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, báǹkì lè ti kú fún ọdún méjì kí alága rẹ̀ tó gbọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kò gba app, kò sì gba olówó. Ẹ kó gbogbo ẹ̀yáwó tó wà nílẹ̀ jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ọjọ́ wo ni owó gidi wọlé kẹ́yìn, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Èyí tí owó kò bá wọlé lórí rẹ̀ fún oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ, ẹ gbé gbogbo ohun tó kù lórí rẹ̀ sápá kan. Báǹkì Àpapọ̀ kò fẹ́ kí irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ. Kí ẹ má ṣe jẹ́ kí mánijà tàbí àwọn òṣìṣẹ́ tó yá àwọn èèyàn lówó náà ṣe ìṣirò yìí dá nìkan. Ẹ fi ẹnì kan láti inú bọ́ọ̀dù sí i, kí ọ́díítọ̀ tó wá láti ìta yan ogún tàbí ọgbọ̀n nínú àwọn tó yáwó, kí wọ́n sì lọ bá wọn ní ìsọ̀ wọn. Ẹ ó rí àwọn tó ti kó lọ. Ẹ ó rí àwọn tó ní àwọn ti san, tí káàdì wọn sì fi hàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí owó náà kò dé báǹkì. Ẹ lè rí orúkọ tí kò sẹ́ni tó ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀pẹ́ ní àrùn tirẹ̀ lórí èyí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ilẹ̀. Láti ìgbà tí Lekki Free Zone ti gbilẹ̀, tí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote dé Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, tí ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Alaro City náà sì bẹ̀rẹ̀, owó ilẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn ti ga débi pé gbogbo èèyàn ló fẹ́ jẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó wá yáwó “ẹja” ló lọ fi í san àsansílẹ̀ fún ilẹ̀. Àwọn báǹkì kékeré kan sì mọ̀, wọ́n dijú, torí wọ́n rò pé ilẹ̀ kì í sá lọ. Òótọ́ ni pé kì í sá lọ, ṣùgbọ́n kì í san owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó tí ẹ yá a wá láti ọwọ́ obìnrin tó lè dé láàárọ̀ ọ̀la pé kí ẹ fún òun ní owó òun. Tí ẹbí onílẹ̀ bá tún pín sí méjì, tí ẹjọ́ sì wọ kóòtù, ọdún mélòó ni ẹ fẹ́ dúró? Ìlànà Báǹkì Àpapọ̀ kò sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, torí ó ní ó kéré tán ìdá 80 nínú 100 owó tí irú báǹkì yín ń yáni gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ẹ̀yáwó tó bá ní ilẹ̀ nínú, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, ẹ má ṣe tún yá òmíràn sí i.

Èyí tó ṣòro jù láti sọ fún àgbà ni tàwọn tó jókòó sí bọ́ọ̀dù. Ẹ wo orúkọ àwọn olùdarí nínú ìwé náà, ẹ wo ti àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn, ẹgbẹ́ wọn, àti ti mánijà. Lójú tèmi, ẹ̀yáwó olùdarí tí kò san ló ń ba báǹkì ìlú jẹ́ ju ti ọlọ́jà lọ. Kì í ṣe torí pé iye rẹ̀ pọ̀ nìkan. Òṣìṣẹ́ tó ń gba 80,000 lóṣù kò lè lọ kan ilẹ̀kùn olóyè tó wà lára àwọn tó gbà á síṣẹ́ pé kó wá san gbèsè. Gbogbo ọjà á sì gbọ́ pé bàbá báyìí kò san, àwọn náà á sì dẹ́kun sísan. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án ti bẹ́gi dí ọ̀nà ẹgbẹ̀fà. Ní báǹkì ìlú, ọ̀nà gbogbo ará ọjà ló dí. Ẹ̀yin alága nìkan lẹ lè gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìpàdé. Bí ẹ bá ní ẹ̀yáwó kankan níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ san tiyín.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò san ló jẹ́ ọ̀dàlẹ̀. Nígbà mìíràn, ètò ìsanwó tí báǹkì là sílẹ̀ ló burú. Ẹni tó ń ra ẹja tútù, tó ń yan án, tó ń kó o lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Mushin tàbí Ìbàdàn, kì í rí owó lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa gba ọjà láwìn, wọ́n á san nígbà tí wọ́n bá padà wá. Bí òjò bá ń rọ̀ tí igi ìdáná tutù, iye tó lè yan á dín. Báǹkì tó bá ní kó san ní gbogbo ọjọ́ Ajé láì bèèrè ìgbà tí owó ń wọlé fún un, òun ló ń tì í sọ́dọ̀ àwọn olówó èlé. Á yá tiwọn láti fi san tiyín. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lè san lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ tó gbin ẹ̀gẹ́ kò lè san kí ó tó wú u. Èyí gan-an ni àǹfààní tí báǹkì kékeré ní tí báǹkì ńlá kò ní: òṣìṣẹ́ yín lè jókòó ti obìnrin náà ní ìsọ̀, kó rí iye agbọ̀n tó kó lọ, kó sì la ètò ìsanwó tó bá a mu. Bí ẹ bá jẹ́ kí ìmọ̀ yẹn bọ́, tí ẹ ń fi fọ́ọ̀mù kan náà yá gbogbo èèyàn, kò sí ohun tí ẹ fi ju ẹ̀rọ lọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí fóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun kò sí, tí wọ́n sì gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wa, àwọn ọlọ́jà tí kò fẹ́ràn nǹkan kan bí kò ṣe owó lọ́wọ́ di ẹni tó ń fún oníbàárà ní nọ́ńbà àkáǹtì. Báǹkì tí owó rẹ̀ kò wọlé kíákíá pàdánù wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn tó gba OPay, PalmPay àti Moniepoint nígbà náà kò kúrò lórí rẹ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù kò mọ̀: ìwé àṣẹ báǹkì oníṣòwò kékeré ni Moniepoint fúnra rẹ̀ ń lò, irú ìwé tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni tirẹ̀. Òfin kọ́ ló jẹ́ kí wọ́n tayọ yín lórí ìyẹn. Ní ti app, mi ò sọ pé kò dára. Ohun tí mo ń sọ ni pé oṣooṣù ni wọn yóò máa gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ yín, yálà èèyàn márùn-ún lò ó tàbí ẹgbẹ̀rún, ẹ ó sì ní láti ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì lóru. Kò ní gba owó tó ti kú padà. Ohun tí ọlọ́jà yín fẹ́ kéré ju app lọ: kí owó tí oníbàárà fi ránṣẹ́ wọlé ní kíá, kí ó sì rí alert.

Alert yìí, Bàbá, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí agbowó yín bá gba 2,000 lọ́wọ́ ìyá kan, tó kọ ọ́ sí káàdì, tó sì fi 1,000 jíṣẹ́ ní báǹkì, ìyá náà kò lè mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá wá gbowó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ kékeré ló wà lọ́wọ́ agbowó, tí fóònù ìyá náà dún kí agbowó tó kúrò níwájú ìsọ̀ rẹ̀, olè ti di ohun tó ṣòro. Báǹkì tó wà ní ipò yín, èyí ni mo máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ náwó lé lórí nínú gbogbo ẹ̀rọ ìgbàlódé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo BVN àti ilé iṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ, kí ẹ mọ̀ bóyá ẹni tó wá yáwó lọ́wọ́ yín ti jẹ ibi mẹ́ta. Ètò GSI tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde ní 2020 náà wà, èyí tí ayánilówó lè fi yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì onígbèsè ní báǹkì mìíràn, bí onígbèsè bá ti fọwọ́ sí i látìbẹ̀rẹ̀. Ó wúlò fún ẹni tó ní owó tó ń fi pamọ́. Ẹni tí kò ní owó níbì kankan, GSI kò lè yọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ò bèèrè nípa èlé, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sá. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá sọ fún ọlọ́jà pé “ìdá 5 lóṣù” lórí 200,000, tí 10,000 kò sì dín títí oṣù mẹ́fà á fi pé, obìnrin náà ń san èlé lórí owó tó ti dá padà. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí ohun tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, ó tó ìdá 8 lóṣù. Mi ò bínú sí báǹkì kékeré pé èlé rẹ̀ ga ju ti báǹkì ńlá lọ. Owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ máa wọ̀ lọ bá ẹni tó yá 50,000 kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó yá 500,000. Owó tí ẹ̀yin náà ń yá níta ti wọ́n: iye èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ fi ń darí ọjà kúrò lórí ìdá 11.5 nínú oṣù Karùn-ún 2022, ó dé 27.5 nínú oṣù Kọkànlá 2024. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ iye náà fún un kó tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kì í kà yín sí olè lẹ́yìn.

Ó kan ọ̀nà méjì tó kù nínú mẹ́ta tí ẹ kọ. Ní ti olówó tó fẹ́ rà á, ẹ bi ara yín pé kí ló rí. Tí ìwé yín bá burú tó bí mo ṣe ń fura, ìwé àṣẹ ló ń rà, torí gbígba tuntun máa ń pẹ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn. Owó rẹ̀ lè dí ihò náà, kí ẹni kankan má pàdánù owó tó fi pamọ́. Ṣùgbọ́n kò dandan kó fẹ́ràn ẹlẹ́ja Olúwo. Ó lè kó ọ́fíìsì lọ sí Lẹ́kí kí ọdún tó yípo. Bí ẹ bá máa tà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ọ́fíìsì Ẹ̀pẹ́ kò gbọdọ̀ tì fún iye ọdún kan, kí lọ́yà kà á, kí Báǹkì Àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i kí owó tó yí ọwọ́. Ẹ má gba kọ́bọ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó jókòó sídìí ẹ̀yáwó kí àṣẹ tó dé.

Dídapọ̀ mọ́ báǹkì kékeré mìíràn, ẹ ò kọ ọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo fẹ́ kí ẹ rò jù. Bí báǹkì kan bá wà ní àyíká yín tàbí ní Ìkòròdú tí ìwé rẹ̀ mọ́ tí owó rẹ̀ kò sì tó, ẹ lè pín mánijà kan, ẹ̀rọ kan, ọ́díítọ̀ kan. Ohun tó máa ń tú u ká ni ọ̀rọ̀ orúkọ àti ti ẹni tó máa jẹ́ alága. Mo ti rí ìpàdé tó fọ́ lórí pátákó ìta lásán, nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ti tán. Bí ẹ bá ṣetán láti fi àga náà sílẹ̀, ó rọrùn. Àmọ́ báǹkì aláìsàn méjì tí kò tú ìwé ara wọn wò kò gbọdọ̀ dapọ̀.

Ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni àwọn èèyàn ṣì lóye jù. Ẹgbẹ́ dára, èmi náà wà nínú ọ̀kan. Ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ti lè gbowó, kò lè gbowó lọ́wọ́ gbogbo ọjà. Kí báǹkì tó lè dá ìwé àṣẹ rẹ̀ padà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san gbogbo owó tí àwọn èèyàn fi pamọ́, pẹ̀lú àṣẹ Báǹkì Àpapọ̀. Ṣé owó yẹn wà? Bí ó bá wà, ẹ ò ní kọ lẹ́tà sí mi. Ohun mìíràn tún wà. Àjọ NDIC tó ń dójú tòfò owó ilé ìfowópamọ́ kò bo owó tó wà nínú ẹgbẹ́. Ti báǹkì kékeré ló bò, wọ́n sì sọ iye rẹ̀ di mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú oṣù Karùn-ún 2024. 200,000 péré ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ja yín kò gbọ́ rí. Kí òṣìṣẹ́ yín sọ fún wọn, lédè wọn, pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, títí dé mílíọ̀nù méjì, NDIC yóò san án. Ohun tó bá lé, wọ́n máa dúró de ohun tí wọ́n bá rí tà nínú dúkìá báǹkì. Ẹ̀yin onípìn-ín ló máa gbẹ̀yìn lórí ìlà náà, ó sì ṣeé ṣe kí nǹkan kan má kù.

Ọ̀nà karùn-ún ni kí ọmọ ìlú tún dáwó ra ìpín, títí kan àwọn tó wà lókè òkun. Mo gbà á, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka ìṣirò náà sí gbogbo wọn létí bó ṣe rí, pẹ̀lú orúkọ àwọn olùdarí tó jẹ gbèsè àti iye tí wọ́n ti san. Ìgbà yẹn ni ẹ ó mọ ẹni tó fẹ́ràn ilé náà lóòótọ́.

Mi ò tíì rí ìwé yín, Bàbá. Ó lè jẹ́ pé ihò náà kò jìn tó bí ẹ ṣe rò. Mo ti rí báǹkì tí wọ́n ń sunkún lé lórí, tí ìdajì ohun tí wọ́n pè ní òkú gbèsè sì wọlé nígbà tí ẹnì kan kàn lọ kan ilẹ̀kùn. Ó sì lè jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé kò sí ọ̀nà kankan nínú márààrún tó lè gbà á, kó jẹ́ pé ohun tó kù ni kí àwọn tó fi owó pamọ́ gba owó wọn pé. Mi ò lè ṣe ìlérí fún yín láti ibi tí mo jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ìwé ìpín àti ìdàpọ̀ jẹ́ ti lọ́yà, kì í ṣe tèmi.

Ohun tí mo bẹ̀ yín fún ni kí ẹ pe bọ́ọ̀dù jọ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ dá yíyáni lówó tuntun dúró fún ìgbà díẹ̀, àyàfi fún àwọn tó ń san dédé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà láti orí ẹ̀yáwó tó tóbi jù wá sí èyí tó kéré jù. Kí iye tó jáde wà nínú ìwé tí gbogbo olùdarí fọwọ́ sí. Bí ó bá fi hàn pé owó ìpìlẹ̀ yín ti lọ sí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣe dúró kí àwọn olùyẹ̀wò tó padà wá. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ̀wé sí Báǹkì Àpapọ̀, kí ẹ fi ìṣirò náà àti ètò tí ẹ fẹ́ tẹ̀ lé sí i, kí ẹ tó gba ìpè olówó Èkó náà lẹ́ẹ̀kan sí i.